Ọjọ́ méje tí èmi àti Màámi fi rìn káàkiri Nẹ́dálándì láti ilé wa ní Abẹ́òkúta

Oṣù kẹrin rèé tí àbúrò mi obìnrin ti wà ní Delft, níbi tó ti ń kọ́ nípa omi àti bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màámi ń bi mí lórí fóònù: "Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí. Mo bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo ra dátà sílẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Google Street View la fẹ́ fi rìn. Láti ọdún 2009 ni àwòrán àwọn òpópónà Nẹ́dálándì ti wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó gbé kámẹ́rà sórí sì ń padà gba ọ̀nà kan náà léraléra, débi pé èèyàn lè dúró sójú kan kó máa wo bí ibẹ̀ ṣe rí lọ́dún yìí àti lọ́dún tó kọjá. Màámi ní kí n máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ kó má baà bọ́ sọnù. Òun nìyí.

Ọjọ́ Àìkú, Delft

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màámi ò tíì tú gèlè tó fi fa àga jókòó tì mí. Mo mú ọmọlangidi kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń yan ibi téèyàn fẹ́ wò lórí Street View, mo sọ ọ́ sí Markt, gbàgede ńlá tó wà láàárín ìlú. Nieuwe Kerk, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ló kọ́kọ́ yọ sí wa. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga ju 108 mítà lọ, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ń sin àwọn ará ààfin wọn sí. Màámi wò ó lọ sókè, ó ní, "Ó ga o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oude Kerk ló mú un sọ̀rọ̀. Ilé ìṣọ́ ti ìyẹn ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Téèyàn bá dúró létí omi tó wà níwájú rẹ̀, ṣe ni ọwọ́ á fẹ́ nà láti gbà á mú.

"Àbẹ̀kẹ́, ilé Ọlọ́run yìí fẹ́ wó lu àwọn èèyàn yẹn!"

"Màámi, ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí omi ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dí kí wọ́n tó rí àyè kọ́ ilé ìṣọ́ náà, ilẹ̀ ibẹ̀ ò sì le tó láti gbé e. Wọ́n mi orí. "Omi ò gbàgbé ilé rẹ̀," ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ yẹn bá wa rìn títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

A lọ sí Westvest, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àbúrò mi wà, IHE Delft, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ omi. Lẹ́yìn náà ni mo wá wọ àdúgbò tí àbúrò mi ń gbé, mo sì rìn ín láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Omi wà lápá òsì wa ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí ọgbà, kò sí irin, òpópónà parí omi sì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn dun Màámi. Wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá iná wà níbẹ̀ lálẹ́. Lórí afárá kékeré kan tó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ irin, kò ní táyà iwájú. Màámi ní kí n dúró. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, àti ìdí tí kò fi padà wá gbé e.

Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ò ní ojú. Google ń fi nǹkan bo ojú gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Màámi rí obìnrin dúdú kan tó wé gèlè, tó gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé òun kọ́ nìyẹn?"

Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi ṣì wà nílé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, síbẹ̀ wọn ò yọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, Rotterdam

Delft sí Rotterdam ò jìnnà, àmọ́ bí ọ̀kan ṣe gbó tó ni èkejì ṣe tuntun tó. Ìdí rẹ̀ ni ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1940. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí àárín ìlú, iná tó tẹ̀ lé e sì jó ohun tí bọ́ǹbù fi sílẹ̀. Ó lé ní 800 èèyàn tó kú. Lónìí, wọ́n ti ri àwọn iná pupa róbótó mọ́lẹ̀ káàkiri òpópónà láti fi hàn ibi tí iná náà jó dé. Mo yí kámẹ́rà sílẹ̀, mo ń wá a lójú pópó bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́, títí mo fi rí ọ̀kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń gbà sọdá títì. Lápá kan iná yẹn, ilé àtijọ́. Lápá kejì, kò sí ohun tó dàgbà ju ogun náà lọ.

Létí omi ni ère tí Ossip Zadkine ṣe wà, wọ́n ṣí i lọ́dún 1953. Ọkùnrin kan ló na ọwọ́ méjèèjì sókè, àárín ara rẹ̀ sì lu. Ojú ọ̀run là ń rí gba inú rẹ̀. Kí n tó sọ nǹkan kan, Màámi ti ní, "Wọ́n yọ ọkàn rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Zadkine ṣe rò ó: ìlú tí wọ́n yọ ọkàn rẹ̀ kúrò.

A tún wo àwọn ilé onígun tí Piet Blom yà, tí wọ́n parí lọ́dún 1984, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Blaak. Méjìdínlógójì ni àwọn ilé gbígbé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dàbí àpótí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi igun rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òpó. Màámi fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ṣí fún àlejò, a wọnú rẹ̀: ilẹ̀ tẹ́jú, ògiri ló dagun, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ní láti kan àga àti tábìlì tó bá ògiri wọn mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kinderdijk

Ọjọ́ yìí ò gùn. Dátà tí mo rò pé á tó wa fún ọ̀sẹ̀ kan tán lọ́sàn-án gangan, ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi sì ní mo ti lò ó tán pátápátá. Mo kàn rí àyè dé Kinderdijk ni. Ọlọ afẹ́fẹ́ 19 tò sí ẹ̀bá omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1740. Kì í ṣe àgbàdo ni wọ́n ń lọ̀. Omi ni wọ́n ń fà láti inú ilẹ̀ tó relẹ̀ lọ sókè, kó lè ṣàn sínú odò. Àwọn ọlọ́lọ̀ ṣì ń gbé inú wọn, a rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn ọ̀kan. Ohun tó wọ Màámi lọ́kàn ni pé apá ọlọ náà ń sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe dá a dúró, bóyá díẹ̀ kó tó dé òkè tàbí díẹ̀ lẹ́yìn òkè, ni àwọn aládùúgbò fi ń mọ̀ pé ayọ̀ ni tàbí ọ̀fọ̀.

Iná lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́rú, Zeeland

Mo ti ra dátà míràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbèríko tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nẹ́dálándì yìí, omi òkun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ín. Lóru tó mọ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1953, ìjì láti àríwá pàdé ìkún òkun, àwọn ìdènà omi sì já. Èèyàn 1,836 ló kú ní Nẹ́dálándì. A lọ sí Ouwerkerk, níbi tí wọ́n ti dí ihò tó gbẹ̀yìn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àwọn àpótí kọnkéré ńláńlá tí wọ́n rì sínú omi láti fi dí i ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti sọ inú wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú àwòrán, koríko ti bò wọ́n lórí, àgùntàn ń jẹ̀ nítòsí. Màámi ní Ìbàdàn ni àwọn wà ní ọdún 1980 nígbà tí Ògùnpa kún, àwọn rí ilẹ̀kùn ilé olódidi tó ń léfòó lọ pẹ̀lú ewúrẹ́ kan lórí rẹ̀. Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rí.

Lẹ́yìn náà a gba orí Oosterscheldekering, ìdènà tí wọ́n parí lọ́dún 1986. Ilẹ̀kùn irin 62 ló ní, ṣíṣí ni wọ́n sì máa ń wà, kí omi iyọ̀ lè máa wọlé kó máa jáde, kí àwọn ẹ̀dá inú ọ̀sà má baà kú. Ìgbà tí ìjì bá ń bọ̀ ni wọ́n ń tì wọ́n. Láti ojú pópó tó wà lórí rẹ̀, òkun wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà wà lósì, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kọjá láàárín.

Ní Schouwen, ilé ìṣọ́ kan dá dúró lẹ́yìn ìdènà omi, kò sí ilé kan nítòsí rẹ̀. Plompe Toren ni wọ́n ń pè é. Ilé ìṣọ́ ìjọ abúlé Koudekerke ni, abúlé tí òkun gbà. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa ni pé àwọn apẹja mú obìnrin inú omi kan, onírù ẹja, wọ́n sì gbé e wá sílé. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin náà kú. Ọkọ rẹ̀ bá gégùn-ún pé ìlú wọn á pa run, ilé ìṣọ́ nìkan ni yóò kù.

"Wọ́n mú ìyàwó olómi, wọn ò dá a padà!" Màámi ti dìde dúró. "Èèwọ̀ ni. Ta ló ń kọ́ wọn lọ́mọ?"

Ibi tí a parí ọjọ́ náà sí ò rọrùn. Middelburg jẹ́ ìlú tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan wà, Middelburgsche Commercie Compagnie, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1720, tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì lọ sí etíkun Áfíríkà ju ìgbà 100 lọ láti ra èèyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìṣirò wọn ló ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé Zeeland títí dòní. Ní gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Balans, òkúta dúdú àti funfun dúró pẹ̀lú àwọ̀ pupa láàárín wọn. Ọdún 2005 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lọ. Kẹ̀kẹ́ kan fara ti ògiri nítòsí rẹ̀, òòrùn ń ràn. Mo sọ fún Màámi pé ọba wọn tọrọ àforíjì ní gbangba ní Amsterdam ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023. Wọ́n ní kí n pa kọ̀ǹpútà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pe àbúrò mi, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́bọ̀, Helmond

Ọjọ́ tí mo ti ń dúró dè nìyí, mi ò sì sọ ibi tí à ń lọ fún wọn.

Màámi ta aṣọ fún ọdún 31. Ìtòkú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdìrẹ ìyá wọn, kí wọ́n tó bọ́ sórí ànkárá. Nínú ànkárá náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Hollandis ni olúwa. Èmi àti àbúrò mi, owó Hollandis ni wọ́n fi rán wa nílé ẹ̀kọ́. Mo sọ ọmọlangidi náà sí ìlú kékeré kan ní Brabant, ojú pópó tó dákẹ́, ilé bíríkì, igi. Mo rọra yí kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà títí orúkọ fi hàn: Vlisco.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn wọ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Wọ́n dìde wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé ọ̀pá mẹ́fà kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, tí kò tíì fojú kan abẹ́rẹ́. Wọ́n tú etí aṣọ rẹ̀ sí mi lójú. Ó wà níbẹ̀, tín-ín-rín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: "GUARANTEED DUTCH WAX VLISCO."

"Ibí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́? Ilé yìí?"

"Ilé yìí, Màámi. Láti ọdún 1846."

Mo ka ohun tí mo mọ̀ fún wọn. Pieter Fentener van Vlissingen ló ra ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ ní Helmond lọ́dún yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jáfà, tí wọ́n ń fi ìda ya àrà sára aṣọ, ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe é. Ẹ̀rọ ń fi oje igi gbígbóná tẹ àwòrán sí ojú aṣọ méjèèjì. Ibi tí oje bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Tí oje náà bá sì sán, aró á yọ́ gba inú rẹ̀, á wá ya bí iṣan ara. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀pá ni wọ́n lè tẹ̀, iṣan ti ọ̀kan ò ní bá ti èkejì mu.

Màámi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó ṣe tán. "Ẹlẹ́kọ ni! Àbẹ̀kẹ́, ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe! Àwa ń fi ẹ̀kọ láfún dí i, àwọn ń fi oje igi dí i. Kí n wá máa pè é ní aṣọ òyìnbó láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n fà mí ní ọwọ́ lé aṣọ náà. Wọ́n fi hàn mí bí àwọn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ lọ́jà: wọ́n yí i padà, ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ bí iwájú. Wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n fi èékánná tọ ìṣan búlúù kan láti inú ewé kan dé inú òmíràn, ó tín-ín-rín bí irun orí ọmọ titun, ó ya sí méjì, ó sọnù sínú àwọ̀ pupa. "Èyí," ni wọ́n wí, "èyí ni àwọn oníbàárà mi máa ń wá. Ayédèrú ń tẹ iṣan náà mọ́ ọn ni, a máa ń rí i pé iṣan kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ọ̀pá kọ̀ọ̀kan." Wákàtí kan àti àbọ̀ la lò lójú pópó yẹn, a ò rìn ju ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ lọ. Mo rò ó pé ọmọ wọn wà ní Delft tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí omi, ọwọ́ tó sì sanwó rẹ̀ ni ọwọ́ tó ti ń bá aró tí wọ́n dí ṣòwò láti kékeré.

Kí a tó kúrò ní Helmond, mo fi ohun kan hàn wọ́n. Piet Blom tó yà ilé onígun Rotterdam, ìlú yìí ló ti kọ́kọ́ dán an wò, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn eré kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 't Speelhuis. Nínú àwòrán tó pẹ́ jù, ó wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ tò gọngọ. Mo fa ọdún síwájú, àyè ṣófo. Iná jó o ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Àwọn ilé onígun tó yí i ká ṣì wà.

Ọjọ́ Ẹtì, Baarle

Ìlú kan ni, orílẹ̀-èdè méjì ni. Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m 22 ló wà ní ègé-ègé sáàárín Nẹ́dálándì níbẹ̀, inú àwọn ègé yẹn sì tún ní ègé Nẹ́dálándì. Àdéhùn tí àwọn olóyè láyé àtijọ́ ṣe lórí ilẹ̀ oko ló bí i. Àgbélébùú funfun ni wọ́n fi sàmì sí ẹnubodè lójú pópó, ó gba abẹ́ tábìlì ilé ọtí kọjá, ó gun ògiri ilé lọ. Ibi tí ẹnu ọ̀nà ilé bá wà ni orílẹ̀-èdè tí ilé náà jẹ́ ti. A rí ilé kan tí ààlà náà la ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárín gan-an, ó ní nọ́ńbà ilé méjì, àsíá méjì.

Màámi, tó ti gba Ìdí-Ìrókò lọ ra aṣọ ní Kùtọnu ju bí wọ́n ṣe lè kà lọ, dákẹ́ lórí èyí. Wọ́n ní kí n gbé ọmọlangidi náà sọdá àgbélébùú, kí n dá a padà, kí n tún gbé e sọdá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ni wọ́n wí, ààlà la àárín ìdílé kọjá, kò sí ẹni tó kun ún ní funfun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lórí ohun tó ti jẹ́ òkun

Afsluitdijk, ìdènà omi kan, gùn tó 32 kìlómítà, ó sì tọ́ bí okùn tí wọ́n fà. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1932 ni wọ́n dí àyè tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀, òkun tó ń jẹ́ Zuiderzee sì di adágún omi tútù. Cornelis Lely ló gbèrò rẹ̀. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọjú sí afẹ́fẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ère míràn, ọkùnrin tó tẹ̀ ba tó ń to òkúta, kò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi to òkúta wọ̀nyẹn.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Schokland. Erékùṣù apẹja ni tẹ́lẹ̀. Omi ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì di 1859, ìjọba ní kí gbogbo ará ibẹ̀ kúrò. Lọ́dún 1942 wọ́n fa omi òkun tó yí i ká gbẹ. Lónìí, oko ló yí i ká títí dé ibi tí ojú lè rí dé. Òkìtì erékùṣù náà ṣì ga ju oko lọ, ìjọ kékeré kan wà lórí rẹ̀, igi èbúté dúró nínú koríko. Katakata kan ń túlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Ọdún 1995 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, òun ló sì ṣíwájú ní orílẹ̀-èdè náà.

"Wọ́n lé wọn kúrò nítorí omi," ni Màámi wí, "wọ́n wá lé omi náà. Àwọn ọmọ wọn ò padà síbẹ̀?" Wọn ò padà síbẹ̀.

Àbúrò mi pè wá lórí fídíò ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ó ń bọ̀ láti ọjà, ó ní òtútù ń mú òun. Màámi bi í pé ibo ló dé. Ó ní òun ń lọ sílé.

"Mo mọ̀. Máa bọ̀, o máa tó rí afárá tó tẹ̀ yẹn. Omi wà lápá ọ̀tún ẹ báyìí torí pé o ń padà bọ̀. Rọra o, kò sí irin létí omi náà."

Àbúrò mi dúró. "Màámi, ta ló sọ fún yín?"

"Kẹ̀kẹ́ búlúù kan wà lórí afárá náà, kò ní táyà iwájú. Yí fóònù ẹ síbẹ̀ kí n rí i."

Ó dé orí afárá, ó yí fóònù. Irin náà ni a rí, omi, ewé gbígbẹ. Kẹ̀kẹ́ kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi ní láti ìgbà tí òun ti dé, òun ò rí kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀ rí. Màámi ní kó fi fóònù lé orí irin náà, kó sì dúró síbi tí kẹ̀kẹ́ wà. Ó dúró síbẹ̀, ó fa ṣọ́ọ̀lù mọ́ra, a wá rí ojú rẹ̀ dáadáa.